Orí Keje: Ohun Tí Ọwọ́ Ti Mọ̀

Ẹni tí a bá bí sí ìlú tí omi ẹ̀rọ kò tètè dé kò ní ṣàì ti rí ọmọbìnrin tí ń ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò, tí kò fi ọwọ́ kan dì í mú, tí ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà, tí ń wa ìrèké jẹ bọ̀ lójú ọ̀nà, tí ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé ìkòkò àti òṣùká àti agbárí rẹ̀ ti di ọ̀kan náà láti inú oyún. Láti ọdún mẹ́ta tí ó ti ń ru omi, kò já ìkòkò rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ lọ sọ́run lé e lórí lójú àlejò, kí ó sì ké tẹ̀lé e lẹ́yìn pé, “Rọra o! Ìkòkò ìyá mi ni o! Wo ibi tí ò ń fẹsẹ̀ tẹ̀!” Àwàdà yóò tán lẹ́nu ọmọ náà, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ìkòkò mú, yóò máa ro ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbé e, ọrùn rẹ̀ yóò sì le bí igi. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ìkòkò ti fọ́ yángá, ìyá ti gbé ọwọ́ lérí, àlejò sì ń wo ilẹ̀ nítorí ìtìjú.

Mo fi ìkòkò ṣe ìloro ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ Àìkú tí í ṣe ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2011, kò yàtọ̀ sí ti ọmọ yìí, àfi pé gọ́ọ̀fù ni òun ń gbá ní tirẹ̀, àti pé ojú tí ń wò ó kò lóǹkà.

Rory McIlroy ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Holywood ni, ìlú kékeré kan létí omi nítòsí Belfast ní Àríwá Ireland. L kan ṣoṣo ni ó wà nínú orúkọ ìlú náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wá a lọ sí ìlú àwọn onífíìmù. Òun nìkan ni Gerry àti Rosie bí, ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1989, wọn kì í sì í ṣe olówó: baba ń fọ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan ní òwúrọ̀, ó sì ń ta ọtí fún oníbàárà ní alẹ́, ìyá ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, gbogbo rẹ̀ kí owó tí ọmọ yóò fi máa gbá gọ́ọ̀fù kiri ayé baà lè pé. Ọmọ náà kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí ó ti ń fi igi gọ́ọ̀fù ta bọ́ọ̀lù sókè láti ọ̀ọ́kán wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyá rẹ̀, tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n fi pè é kí ó wá ṣe é kí gbogbo ènìyàn rí i, tí bọ́ọ̀lù sì ń wọ ẹnu ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tí ń wọlé sùn ní àṣálẹ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀ títí di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, iye ìgbà tí ó ti fi igi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Bí ọmọbìnrin wa ti mọ ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ igi gọ́ọ̀fù.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ihò méjìdínlógún ni pápá gọ́ọ̀fù ní, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá a nínú ìdíje ńlá, ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tí ó kéré jù kí ó tó kó o wọ gbogbo ihò ni ó borí. Ìdíje mẹ́rin ni ayé kà sí ìdíje ńlá, Masters ti Augusta sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni McIlroy ti ṣe olórí níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, gbígbá mẹ́rin ni ó fi ṣíwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e, àwọn kan sì ti ń wọn aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń gbé wọ olúborí sí i lára lójú ọkàn wọn.

Ihò kẹwàá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ láàárín igi gogoro. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó ti pàdánù díẹ̀ nínú ohun tí ó kó jọ, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ṣì wà níwájú, pẹ̀lú gbígbá kan péré. Ó mú igi gọ́ọ̀fù, ó fì í, bọ́ọ̀lù sì yà sí òsì, ó kọlu igi, ó já sí àárín àwọn ilé funfun kéékèèké tí àwọn àlejò pápá náà máa ń sùn sí, níbi tí àwọn tí ó ti ń wo ìdíje náà láti ọjọ́ pípẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé wà. Ẹ wo ọmọkùnrin náà níbẹ̀, tí ó dúró láàárín ilé méjì bí ẹni tí ó ṣìnà dé ẹ̀yìnkùlé onílé, tí ń wo òkè láti mọ apá ibi tí pápá wà. Méje ni ó gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó wọ ihò tí ó yẹ kí ó fi mẹ́rin wọ̀. Ní ìkọkànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ti bọ́ọ̀lù lórí koríko tí wọ́n rẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹní yí ihò ká. Ní ìkejìlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ihò mẹ́ta, gbígbá mẹ́fà ti lọ. Ní ìkẹtàlá ó gbá bọ́ọ̀lù sí etí odò, ó sì gbé orí lé apá rẹ̀ lórí igi tí ó fi gbá a, bí ẹni tí a túfọ̀ fún. Ọgọ́rin ni ó fi parí ọjọ́ náà. Charl Schwartzel ará Gúúsù Áfíríkà ni ó gbé aṣọ náà lọ, McIlroy sì bọ́ sí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú àwọn mìíràn.

Ẹnu àwọn aráyé kò gbófo. Àwọn kan ní ojo ni, àwọn kan ní ọmọdé ni, àwọn kan ní kò fọkàn sí i tó. Èrò ìkẹta yìí ni mo fẹ́ bá jà, nítorí pé òun ni ó dà bí òótọ́ jù, òun náà ni ó sì jìnnà sí òótọ́ jù.

Inú ọpọlọ ènìyàn, ibi tí a ń gbé ìmọ̀ sí kò jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìbáà ṣe ìlù lílù tàbí aṣọ híhun, iwájú ọpọlọ, níbi tí à ń lò fún ìrònú, ni ó ń darí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀: gbé ọwọ́ yìí, tẹ ìyẹn, dúró, ó yá. Iṣẹ́ náà a máa lọ́ra, a sì máa rẹni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe é lemọ́lemọ́, ọpọlọ a máa fi í lé àwọn apá mìíràn lọ́wọ́, èyí tí ó wà ní ìpàkọ́ àti àwọn kókó kan tí ó jìn sínú, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í ṣàlàyé, ṣùgbọ́n tí wọ́n yára, tí wọ́n sì pé. Láti ìgbà náà lọ, bí a bá ní kí ọ̀gá onílù sọ bí ó ti ń ṣe é, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí a kàn máa wo òun. Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́. Iwájú ọpọlọ tí à ń fi sọ̀rọ̀ kò sí nídìí iṣẹ́ náà mọ́ ni.

Wàyí o, kí ni ìbẹ̀rù ń ṣe? Ohun àkọ́kọ́, kókó kéékèèké méjì tí ó jókòó lé kíndìnrín wa lórí yóò tú oje tí wọ́n ń pè ní adirẹnálínì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò máa lù kìkì, èémí yóò yára, ẹ̀jẹ̀ yóò sáré lọ sí inú iṣan ńlá itan àti èjìká, àtẹ́lẹwọ́ yóò là fún òógùn, ìka yóò sì máa gbọ̀n. Ìpèsè yìí dára púpọ̀ fún ẹni tí ẹkùn ń lé. Ẹni tí ó fẹ́ rọra ti bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò tí kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, ìyà ni ó fi ń jẹ ẹ́. Ohun kejì ni ó burú jù: ìbẹ̀rù a máa jí iwájú ọpọlọ dìde, a máa wí fún un pé nǹkan ti le, kí ó wá gba iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fi í lé lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá tí ó ti fi ìlú sílẹ̀ fún ogún ọdún wá dé lójijì, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ dúró, òun fúnra òun ni yóò máa darí wọn. Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 2001, Sian Beilock àti Thomas Carr, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi gọ́ọ̀fù ṣe, lórí ìdí tí ọwọ́ ẹni tí ó mọṣẹ́ fi ń yẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le. Lẹ́yìn náà Beilock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i pé bí wọ́n bá ní kí ọ̀gá gọ́ọ̀fù máa fiyè sí bí ọwọ́ òun ti ń lọ, iṣẹ́ rẹ̀ a bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn kan náà yìí a máa ṣe akọ́ṣẹ́ tuntun lóore. Wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá ní kí ọ̀gá ṣe kíákíá, a máa ṣe dáradára jù bí wọ́n bá ní kí ó rọra ṣe é kí ó má baà ṣì í lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó wo àwọn àgbà ọ̀tayò kò ní ṣe kàyéfì, nítorí bí ọ̀ta bá ti ń wo ọmọ ayò pẹ́ jù kí ó tó kó o, àwọn òǹwòran ti mọ̀ pé ayò náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún McIlroy ní ihò kẹwàá pé kí ó fọkàn sí i, ìyá ọmọ oníkòkò ni. Ọkàn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ jù.

Èyí tí ó wú mi lórí jù nínú ìwádìí Beilock àti Carr ni ti àwọn akọ́ṣẹ́ kan tí wọ́n fi kámẹ́rà sí níwájú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ti ń ti bọ́ọ̀lù sí ihò, tí wọ́n sì wí fún pé àwọn ọ̀mọ̀ràn yóò wo àwòrán náà. Nígbà tí wọ́n wá kó wọn sínú ìdánwò tí ó le, ọwọ́ wọn kò yẹ̀ bí ti àwọn yòókù, nítorí pé ojú ayé ti mọ́ wọn lára. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn bí a ti ń tẹ̀ lé ọmọ Holywood kúrò ní Augusta.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin yìí wo méjèèjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sá wọ ọkọ̀, ó dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ òfuurufú kan náà ni òun àti Schwartzel tí ó borí rẹ̀ jọ wọ̀ lọ sí Màléṣíà fún ìdíje mìíràn, aṣọ àwọ̀ ewé náà sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ojú inú wo ọ̀nà jíjìn yẹn. Ẹni tí ó lọ bá lẹ́yìn náà fún ti bọ́ọ̀lù títì ni Dave Stockton, àgbà ọ̀jẹ̀ tí ó gba ìdíje P.G.A. ní ọdún 1970 àti 1976. Ẹ̀kọ́ ọkùnrin yìí rọrùn débi pé ẹ̀rín lè pani: ó ní bí ènìyàn ti ń fọwọ́ síwèé ni kí ó máa ti bọ́ọ̀lù. Mú ìwé, fọwọ́ sí i bí o ti ń ṣe lójoojúmọ́, yóò yọ dáadáa. Wá gbìyànjú kí o farabalẹ̀ fa ìlà orúkọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè bá ti àná mu, ìlà náà yóò gbọ̀n bí ti ayédèrú, akọ̀wé báńkì yóò sì dá ìwé owó rẹ padà. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọdún púpọ̀ wá nínú yàrá ìwádìí, àgbà náà fi ojú ti rí i lórí koríko.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdíje ńlá tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù láti òwúrọ̀ di alẹ́, McIlroy bá àjọ UNICEF lọ sí Haiti, orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ ríri ti wó ìlú rẹ̀ palẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ó sì rí àwọn ọmọdé tí ń kàwé láàárín àwókù. N kò ní sọ pé ìrìn-àjò yẹn ni ó fún un ní ife-ẹ̀yẹ, nítorí pé ìyẹn yóò jẹ́ àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti Haiti dé yóò mọ ìwúwo tí ó yẹ kí bọ́ọ̀lù kékeré ní.

Àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ọdún 2011 kan náà, ìdíje U.S. Open bẹ̀rẹ̀ ní pápá Congressional ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland, nítòsí Washington. Gbígbá 65 ní ọjọ́ kìíní, 66 ní ìkejì, 68 ní ìkẹta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tún mọ́, ó fi mẹ́jọ ṣíwájú. Mẹ́jọ! Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló a sá. Gbogbo ẹni tí ó rántí Augusta ni ó ń dúró de ihò kẹwàá.

Ihò kẹwàá ti Congressional kò dà bí ti Augusta, omi ni ó wà láàárín olùgbá àti koríko ihò, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ yóò gbọ́ “pọ̀ọ̀n” ni. McIlroy dé ibẹ̀, ó wò ó, kò pẹ́ níbẹ̀, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí omi, ó balẹ̀ sí òkè díẹ̀ sí ihò, ó dúró bí ẹni tí ń ronú, ó wá rọra yí padà sísàlẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, ariwo àwọn òǹwòran ń ga bí ó ti ń yí, títí ó fi dúró ní ìwọ̀n ìka díẹ̀ sí ẹnu ihò. Ìdí ìkòkò ti dé ilẹ̀ láìfọ́. Gbígbá 69 ni ó fi parí ọjọ́ náà, 268 ni àpapọ̀ rẹ̀, mẹ́rìndínlógún dín sí ìwọ̀n tí pápá yàn. Láti ọdún 1895 tí wọ́n ti ń gbá U.S. Open, kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Jason Day ará Ọsirélíà ni ó ṣe ipò kejì, mẹ́jọ gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà Bobby Jones ní ọdún 1923, ọmọdé tó o kò gba ìdíje náà. Ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún baba ni ọjọ́ náà bọ́ sí, Gerry tí ń fọ ilé ìyàgbẹ́ sì dúró dè é lẹ́bàá ihò kejìdínlógún.

Àwọn alátakò ní òjò ti mú pápá náà rọ̀, pé bọ́ọ̀lù tí ó bá balẹ̀ síbẹ̀ kì í sá lọ mọ́. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n òjò náà kò yan ẹnì kan rọ̀ fún.

Kí a má sì rò pé gbogbo ẹni tí ó ṣubú ni ó ń dìde. Ní Augusta kan náà, ní ọdún 1996, gbígbá mẹ́fà ni Greg Norman ará Ọsirélíà fi ṣíwájú ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. 78 ni ó gbá, Nick Faldo gbá 67, ó sì fi márùn-ún borí rẹ̀. Norman jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógójì nígbà náà. Kò tún gba ìdíje ńlá kankan mọ́. Nínú èrò tèmi, ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe pé ọkàn ọ̀kan le ju ti èkejì lọ, bí kò ṣe pé oṣù méjì lẹ́yìn ìtìjú rẹ̀ ni ọmọ náà tún bá ara rẹ̀ lójú agbo kan náà, kí ọgbẹ́ tó di àpá, bí àwọn akọ́ṣẹ́ tí kámẹ́rà ti wò di ara ilé.

Ìbẹ̀rù kì í ṣe àìsàn tí a ń wò sàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. McIlroy gba ìdíje ńlá mẹ́ta mìíràn ní ọdún 2012 àti 2014, lẹ́yìn náà ọdún gorí ọdún kò rí ọ̀kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní Pinehurst, U.S. Open tún wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì ṣi bọ́ọ̀lù méjì tì, èyí tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ gbá wọ ihò. Gbígbá kan ni Bryson DeChambeau fi borí rẹ̀, McIlroy sì wọ ọkọ̀ lọ láìbá oníròyìn kan sọ̀rọ̀. Ó wá ku Masters nìkan tí kò tí ì gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó dé ihò kejìdínlógún ní Augusta, ó ku bọ́ọ̀lù kúkurú kan kí ó ti wọlé, ó sì ṣì í tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun àti Justin Rose ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wá di ọgbọọgba, wọ́n ní kí wọ́n padà lọ gbá ihò kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Harry Diamond, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe tí ó ń ṣe kádì, ìyẹn aru-igi gọ́ọ̀fù, fún un, kò sọ fún un pé kí ó fọkàn sí i. Ó kàn rán an létí pé bí ẹnìkan bá fi irú àǹfààní yìí lọ̀ wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tayọ̀tayọ̀ ni wọn ì bá fi gbà á. Ó gbá èkejì rẹ̀ sí ẹ̀bá ihò pẹ́kípẹ́kí. Rose ti tirẹ̀, kò wọlé. McIlroy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti bọ́ọ̀lù náà, bọ́ọ̀lù wọ ihò lọ, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀. Igi gọ́ọ̀fù ti fò lọ sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ti jù ú nù láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í.